Ọmọ Tí Nọ́ọ̀sì Kúlú Fún Lọ́mú

Ìyìn ni Nọ́ọ̀sì Màsúdát wá yìn, kò bá tibi wá rárá. Bí a bá máa bá ẹnikẹ́ni wí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká yọ tirẹ̀ kúrò. Ọjọ́ kẹjọ tí Hàjíà Ummu Kúlúsúmù jáde láyé ni, wọ́n ń ṣe fídàú rẹ̀ ní ilé rẹ̀ ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin. Àwọn àáfà ti ka Kùránì tán, wàsí ti parí, àwọn ọkùnrin wà lábẹ́ àtíbàbà níta, àwọn obìnrin sì kún inú pálọ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń jẹ másà àti wàrà. Obìnrin tó bá sì ti jẹun yó níbi fídàú, ọ̀rọ̀ ló kù tí yóò sọ. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí olóògbé ṣe fún un.

Olóògbé náà ṣe é lóòótọ́. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba, Nọ́ọ̀sì Kúlú sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹni tó bá bá a lọ ra ata ní Ọjà-Ọba, kó má retí pé ata á tètè dé ilé. Àwọn obìnrin á máa ti inú ìsọ̀ sáré jáde, wọ́n á máa fa ọmọ wọn lọ́wọ́: "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, èyí tí ẹ gbẹ̀bí rẹ̀ nìyí!" Ọmọ tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ náà á ti hu irùngbọ̀n, ojú á máa tì í. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà ní pírámárì, òun nìkan ló tọ́ ọmọ méjèèjì tí ó bí, Sulaiman àti Hàmídát. Tó bá ti iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, á dá kókó fún wọn, á di irun Hàmídát, á mú wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, kó tó lọ sùn.

Hàmídát ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí, tíṣà ni. Òun ló ń pín omi inú ọ̀rá fún àwọn àlejò lọ́jọ́ náà tí Nọ́ọ̀sì Màsúdát fi gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ nǹkan kan," ni Màsúdát wí. Òun àti olóògbé jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ogún ọdún, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni pé ó ṣì ń pe aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. "Èmi àti Kúlú la jọ wà ní wọ́ọ̀dù abiyamọ lọ́dún tí epo ò sí níbì kankan, tí àwọn dókítà tún da iṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin kan bí ọmọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ ò dá, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọkọ ní òun ń lọ wá mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, a ò rí ọkọ, a ò rí ará ilé. Ọmọ ń ké. A fún un ní gúlúkóòsì, ó ń pọ̀ ọ́. Mílíìkì ọmọdé ò sí ní wọ́ọ̀dù, àwọn ṣọ́ọ̀bù ti tì. Kúlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé ni, ó fi ti ẹ̀ sílẹ̀ nílé, ọmú ń ta á, iwájú aṣọ funfun ẹ̀ ti tutù. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní, 'Màsúdát, ti ilẹ̀kùn yẹn.' Ó jókòó sórí béńṣì, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é!"

"Súbúhánà Lọ́ọ̀hì!" Gbogbo pálọ̀ hó. Ìyá arúgbó kan na ọwọ́ sókè, ó ní Hàlímá tó fún Ànábì lọ́mú ni Nọ́ọ̀sì Kúlú fi jọ, ó ní Àlùjánnà ò lè fo irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá.

"Kò jẹ́ kí n sọ ọ́," ni Màsúdát ń bá a lọ, inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀rọ̀ òun wọ̀ wọ́n lára. "Métírọ́ọ̀nù ìgbà yẹn le bí ojú ẹja. Tó bá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ń fọ́mọ lọ́mú lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ẹ̀sùn ni. Ṣùgbọ́n Kúlú ti lọ báyìí, ta ló tún fẹ́ kọ ìwé sí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè ẹni tó padà wá gbé ọmọ náà.

"Ìyá bàbá ọmọ ni. Amọ̀kòkò ni, láti Òkelele. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá."

Hàmídát gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó jókòó sórí apá àga, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹnu Màsúdát bí ẹnu náà ti ń lọ sókè sódò, kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ so yìgì òun àti ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Sátidé tó ń bọ̀, Àbdúlfàtáì, ọmọ Òkelele ni. Amọ̀kòkò ló tọ́ ọ dàgbà. Gbogbo ayé ló mọ amọ̀kòkò náà sí ìyá rẹ̀. Hàmídát nìkan, láàrin gbogbo ẹni tó wà nínú pálọ̀ yẹn, ló mọ̀ pé ìyá bàbá rẹ̀ ni, pé ìyá tó bí i kú lórí ìkúnlẹ̀, torí Àbdúlfàtáì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un lọ́dún tó kọjá.

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn ní ìlú yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Ọmọ tí ìyá àgbà bá tọ́, ìyá ló ń pè é. Kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ jókòó kó máa ràn án létí pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹ̀ ló gbẹ kó tó délé ayé. Lọ́jọ́ tí Àbdúlfàtáì kọ́kọ́ wá kí Nọ́ọ̀sì Kúlú ní Adéwọlé, obìnrin náà bi í pé ta ni ìyá rẹ̀, ó ní, "Amọ̀kòkò ni ìyá mi, Màámi, ní Òkelele." Kí ni nọ́ọ̀sì ì bá tún béèrè? Àwọn amọ̀kòkò Òkelele pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ti ọmọkùnrin yìí sì wà láyé, ó ń mọ ìkòkò. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣe àdúà fún un, ó bu ìrẹsì fún un. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ.

Ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀, òun náà nìyí: nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọmọ tí obìnrin bá fún lọ́mú ti di ọmọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fẹ́ èyí tí obìnrin náà bí, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò ti gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀, ìtanràn ò sí. Tí wọ́n bá ti mọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ ara wọn, hàráámù ni wọ́n ń jẹ títí wọn ó fi kú.

Lọ́jọ́ kejì fídàú, Hàmídát gbé kúlà oúnjẹ kan, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Gáà Àkànbí nílé Nọ́ọ̀sì Màsúdát, bí ẹni tó wá dúpẹ́. Wọ́n kíra, wọ́n jókòó. Hàmídát ní ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mọ́ òun, òun fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.

"Màámi, ṣé ẹ rántí orúkọ bàbá ọmọ náà?"

"Hàrúnà. Mo ṣe lè gbàgbé? Nígbà tí mo sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀ ti kú, ńṣe ló ṣubú lulẹ̀ gbà-ù, èmi àti Kúlú la jọ gbé e."

Hàrúnà ni orúkọ bàbá Àbdúlfàtáì. Hàmídát tún bi í: "Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fún un, tí ẹnu wá ń sọ ọ́ di púpọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀! Ọmọ yìí, o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́. Ọmọ náà mu ún títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ fi yọ! Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá ẹ á tún sáré lọ sílé lọ fún ìwọ náà ní tìẹ." Màsúdát wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí o fẹ́ kọ ìtàn wọn sínú ìwé ni?"

Hàmídát ní bẹ́ẹ̀ ni. Màsúdát bá tẹnu mọ́ ọn pé kó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun ló ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Hàmídát tẹ rédíò láago. Àáfà kan wà tó máa ń dáhùn ìbéèrè láàárọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní kí òun bá a béèrè.

"Àwọn ọ̀rẹ́ yìí mà pọ̀ ní Ìlọrin o," ni àáfà wí. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín lọ."

Ó sọ ọ́. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ní ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí ọmọ bá mu ọmú kí ó tó kà. Àáfà ní lóòótọ́ ni àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlànà Ìmáàmù Málíkì tí àwa níbí ń tọ̀, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan, tó bá ti dé ọ̀fun ọmọ, ó ti tán. "Àti pé, ẹ̀ẹ̀melòó ni ti ọ̀rẹ́ yín?"

"Ọjọ́ mẹ́rin."

"Ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kò sí ìlànà tó lè gbà á. Ta ló tún mọ̀ sí i yàtọ̀ sí—"

Hàmídát pa fóònù. Ìbéèrè tí àáfà fẹ́ bi í gan-an ló ń ro. Ta ló tún mọ̀ sí i? Màsúdát mọ ọmọ, kò mọ ọkọ ìyàwó. Ìyá Hàrúnà mọ̀ pé wọ́n fún ọmọ òun lọ́mú, bóyá ni, kò mọ nọ́ọ̀sì. Òkú ò ní sọ̀rọ̀. Tí òun bá panu mọ́, Sulaiman ẹ̀gbọ́n òun á fa òun fún ọkọ bí wọ́n ti ṣètò, wọ́n á pa màlúù, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, ilẹ̀ á ṣú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń gbèrò àtipanu mọ́, kò sì ṣe é bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àbdúlfàtáì ń pè é. Iná sólà ló ń ṣe, orí òrùlé ló sábà máa ń wà tó bá pè, atẹ́gùn á máa dún nínú fóònù. Ó ní òun ti rí màlúù tó dáa. Ó ní Ìyá ti sun ìkòkò mẹ́fà fún un, kò jẹ́ kí ẹnì kankan fọwọ́ kàn wọ́n.

"O dákẹ́ jù," ló wí. "Ṣé àárò wọn ló ń sọ ẹ́?"

"Àárò wọn ni."

Irọ́ kọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Inú ló ń bí i sí ìyá rẹ̀. Ó wọ yàrá olóògbé, ó ṣí àpótí, ó kó àwọn ìwé jáde. Nọ́ọ̀sì Kúlú kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ sí ibi iṣẹ́. Tí ibà bá mú ọmọ rẹ̀ nílé, á fi tàmómítà wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, á kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé dókítà ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. "Ohun tí o ò bá wọ̀n, má kọ ọ́. Èyí tí o bá wọ̀n, kọ ọ́ bó ṣe wà." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà kan, Hàmídát wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ilé ìwé wọn fẹ́ kó wọn lọ wo omi tó ń já lórí àpáta ní Owú, ibà sì mú un. Ó gbọn tàmómítà wálẹ̀, ó kọ iye tí ara tó yá máa ń ní síwèé. Ìyá rẹ̀ dé, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó tún un wọ̀n. Kò nà án. Ó kọ iye tòótọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti òkè pé: "Hàmídát ló wọn èyí." Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, íńkì rẹ̀ ti ṣá.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ gbogbo nǹkan!" Hàmídát pariwo nínú yàrá òfìfo. "Ẹ kọ ibà mi, ẹ kọ ikọ́ Bùrọ̀dá Sulaiman, ẹ kọ ìgbà tí mo ṣu! Ẹ wá fọ́mọ ọlọ́mọ lọ́mú fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ò kọ ọ́! Ẹ ò sọ ọ́! Torí métírọ́ọ̀nù!"

Sulaiman béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ta ló ń bá jà. Ó ní òun ò bá ẹnì kankan jà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin àwọn ìwé, ó sunkún, ẹkún tí kò rí sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni mímọ́. Ohun tó rò ni pé òun lè panu mọ́ títí di ọjọ́ yìgì, ìyẹn rọrùn. Lẹ́yìn yìgì ńkọ́? Ọkùnrin náà á máa pe òun ní ìyàwó láìmọ ohun tó ń jẹ, òun nìkan ni yóò máa mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá bímọ, òun nìkan ni yóò máa wo ọmọ náà lójú tí yóò máa mọ̀. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù. Síbẹ̀, ìrètí kan ṣoṣo kù fún un: Hàrúnà pọ̀ ní Ìlọrin, amọ̀kòkò pọ̀ ní Òkelele. Bóyá ìyá arúgbó náà á sọ pé ilé ni wọ́n ti bí Àbdúlfàtáì, tàbí pé wàrà màlúù ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ó di ọ̀sán Jímọ̀ kó tó ní ìgboyà, ó wá lọ.

Ìyá Hàrúnà jókòó lórí àpótí nínú àgbàlá, amọ̀ wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó rí Hàmídát, gbogbo ojú rẹ̀ di ẹ̀rín.

"Ìyàwó mi! Ìyàwó olójú rere! Ọkọ ẹ wà lókè, ó ń bá mi so iná. Wá jókòó kó tó sọ̀kalẹ̀."

Hàmídát kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sórí ẹní. Kò mọ bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Níbo ni wọ́n bí Àbdúlfàtáì sí?"

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí amọ̀. "Ó ti sọ fún ẹ, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹni gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. "Ilé ìwòsàn ìjọba ni. Ọmọ mi Hàrúnà délé ní ọjọ́ kẹrin, kò lè sọ̀rọ̀, orí ẹ̀ ti dà rú. Ìyàwó ti kú, ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, kò tilẹ̀ dárúkọ ọmọ. Epo ò sí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Aṣọ funfun méjì ni mo ká sábẹ́ abíyá, ńlá kan, kékeré kan. Òkú méjì ni mo rò pé mo fẹ́ gbé."

"Ìyá—"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo débẹ̀, mo bá ọmọ tó yó. Nọ́ọ̀sì kan gbé e lẹ́sẹ̀, ó ń fún un lọ́mú. Bó ti rí mi, ó fi aṣọ bo àyà, ojú ń tì í bí ẹni tó jalè. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó sá lọ. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo ru ìkòkò lọ fún un, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí Ọ̀fà. Láti ìgbà náà, kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò ṣe àdúà fún un. Mo ní kí Ọlọ́hun má mú mi lọ láìjẹ́ kí n rí i, kí Fàtáì lè fi ojú kan ẹni tó jẹ́ kó wà láyé."

Níbí gan-an ni Hàmídát ì bá ti dìde. Ì bá ní òun ń lọ, ì bá ní ọbẹ̀ wà lórí iná. Ó gbọ́ ìró òòlù Àbdúlfàtáì lórí páànù lókè orí wọn.

"Ìyá," ló wí, "ìyá mi ni."

"Kí ni ìyá ẹ ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì náà. Ìyá mi ni. Èmi ni ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà."

Ìyá Hàrúnà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ké "Àlhàmdù lílláì!" tí àwọn ará ilé kejì fi gbọ́. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú rẹ̀. Ó di orí Hàmídát mú, amọ̀ kún gèlè ọmọ ọlọ́mọ. "Àṣé ilé àna wa náà ni! Àṣé inú ilé náà la fẹ́ lọ gbé ìyàwó! Fàtáì! Fàtáì o! Sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́! A ti rí nọ́ọ̀sì yẹn! Ìyá ìyàwó ẹ ni! Òun ló fún ẹ lọ́mú!"

Ìró òòlù dákẹ́.

Àbdúlfàtáì sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi wà ní ilé kéú, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó wo ojú Hàmídát.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ mi!" ni ìyá arúgbó gbà á lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ̀ ṣì ń dùn. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ kún, o yó bámúbámú, o sì…" Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Yéè," ló wí, ó rọra jókòó sórí àpótí rẹ̀.

Adìyẹ kan kọjá láàrin àgbàlá.

"Ẹ̀yìn ni mo dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n sin Màámi," ni Àbdúlfàtáì wí. "Mo ní àna ni mí, mi ò gbọdọ̀ ti ọmọ wọn. Ọmọ wọn ọkùnrin ló wọ inú sàréè."

Ó wá jókòó ti Hàmídát lórí ẹní. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ọwọ́ wọn kò kan ara wọn rí, nítorí kò tọ́. Tó bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ńṣe ló máa ń gbé e sílẹ̀ kí Hàmídát tó mú un. Báyìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, kò sí ohun tó lòdì sí i mọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ Hàmídát mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, ó sì gbóná láti orí páànù. Hàmídát ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ kí ó dì í mú.